Aṣọ Mẹ́rin Lọ́rùn Ìjọba: Iná Núkílíà àti Ọ̀rọ̀ Ọjà ní Ìlú Ọba

Níbi ìkómọjáde kan tí a lọ ní Thamesmead ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu tán, tí àwọn ìyá sì ti ń gbé ìrẹsì káàkiri, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìdí tábìlì wa lórí bíìlì iná. Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tó lé ní ogún ọdún, fa fóònù wọn yọ, wọ́n fi bíìlì oṣù náà hàn wá, wọ́n sì ní: "Ẹ wò ó, a ti ń sanwó iná tí wọn kò tíì dá." Sizewell C ni wọ́n ń bá wí, ibùdó iná núkílíà tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí etíkun Suffolk, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé yóò máa fi bíi pọ́n-ùn kan lóṣù kún bíìlì ilé kọ̀ọ̀kan ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ ìkọ́lé náà bá ń lọ lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, kí ìjọba àti àwọn amójútó rẹ̀ kúrò lọ́nà, kí ẹni tó bá lówó kọ́ ibùdó iná, kí ọjà sì sọ iye tí iná tọ́. Àbúrò kan tó wà ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n fa àwọn iléeṣẹ́ iná Nàìjíríà lé aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù November 2013 kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti rí ohun tí ọjà fi ojú aráàlú rí, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé irú rẹ̀ dé ìdí ohun tó lè ba ilẹ̀ jẹ́ títí dé ìran àwọn ọmọ ọmọ wa.

N kò dá sí i lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹnu àwọn méjèèjì ti gbóná, ẹlẹ́yinjú àánú kan sì ti gbé ẹran dé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ìtàn iná núkílíà ilẹ̀ yìí, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìjọba jẹ́ ẹnì kan, ọjà jẹ́ ẹnì kejì, tí àwọn méjèèjì sì ń jìjàkadì, kí ọ̀kan ṣáà ti dá èkejì. Nínú ìtàn tí mo kà, ìjọba kì í ṣe ẹnì kan. Aṣọ mẹ́rin ló ń gbé wọ̀: ìgbà mìíràn òun ló ni ibùdó iná, ìgbà mìíràn òun ló ń ṣọ́ ibùdó iná kó má baà pa aráàlú lára, ìgbà mìíràn òun ni onígbọ̀wọ́ fún gbèsè rẹ̀, ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ òun ló ń pàṣẹ pé dandan ni kí aráàlú ra iná náà ní iye báyìí. Níbi gbogbo tí mo ti rí i pé nǹkan bàjẹ́ gidigidi, méjì tàbí mẹ́ta nínú aṣọ wọ̀nyí ló wọ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Windscale ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ní etíkun Cumberland, ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sellafield lónìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ríákítọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń la átọ́mù, méjì síbẹ̀ láti máa fi ṣe plutonium fún bọ́ǹbù. Kò sí olùdókòwò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tó ń wá èrè, kò sì sí ẹni tó ń ta ìpín. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fi ń mú kí ríákítọ̀ náà tutù: àwọn fáànù ńláńlá á fẹ́ ẹ wọlé, á gba àárín graphite àti uranium kọjá, á sì gba inú ọ̀pá èéfín tó ga tó bíi mítà 120 jáde sójú sánmà. Iṣẹ́ ọ̀pá èéfín náà ti lọ jìnnà nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Cockcroft ta kú pé àfi kí wọ́n fi asẹ́ sí i, kí ẹ̀gbin olóró má baà bá afẹ́fẹ́ jáde. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí asẹ́ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ìsàlẹ̀ tán. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí òkè téńté, tí ọ̀pá náà wá dà bí ẹni tó ru agbọ̀n ńlá sórí. Owó tó ná wọn àti wàhálà tó dá sílẹ̀ mú kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní "agọ̀ Cockcroft".

Ní 10 October 1957, wọ́n rí i pé iná ti ń jó nínú ríákítọ̀ kìn-ín-ní. Tom Tuohy, igbákejì ọ̀gá àgbà ibẹ̀, gun orí ríákítọ̀ náà lọ léraléra, ó ṣí ojú ihò, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì rí i tí ahọ́n iná ń lá ògiri tó wà lẹ́yìn. Wọ́n fi carbon dioxide sí i, iná kò tilẹ̀ mira. Ní ọjọ́ kejì wọ́n da omi lé e, pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé omi náà lè mú kí gbogbo rẹ̀ bú gbàmù. Omi nìkan kò pa á. Ìgbà tí Tuohy ní kí wọ́n pa àwọn fáànù, tí afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́, ni iná náà tó bẹ̀rẹ̀ sí kú. Wàrà tí àwọn màlúù fún ní agbègbè tó fẹ̀ tó sikuéà kìlómítà 500 ni wọ́n dà nù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Asẹ́ tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló gba ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀gbin náà mú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti kọjá ọ̀rọ̀ wàrà.

Ó yẹ kí ẹni tó bá gbà pé ọwọ́ ìjọba ni ààbò wà fara balẹ̀ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìjọba ló ni ríákítọ̀ tó jóná, ìjọba ló tún yan àwọn tó wádìí rẹ̀. William Penney, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ṣe bọ́ǹbù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí ìwádìí náà, ó sì kọ òótọ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Harold Macmillan, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kò jẹ́ kí ìròyìn náà jáde ní kíkún, nítorí pé ó ń bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí pípín àṣírí núkílíà, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wo Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Àkékúrú rẹ̀ ni aráàlú rí. Ó di 1988 kí wọ́n tó ṣí ìwé náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọjà kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. Onílé ló bo àṣìṣe ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí òun náà ń jíhìn fún.

Òfin dé ní 1959. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ríákítọ̀ tàbí lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, nígbà tó sì di 1960 àwọn olùyẹ̀wò tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àfi ìgbà tí mo ka ìyókù. Òfin náà kò kan ibùdó àjọ agbára átọ́mù ti ìjọba fúnra rẹ̀, ìyẹn UKAEA, tó jẹ́ pé àjọ yìí gan-an ló ń darí Windscale lọ́jọ́ tó jóná. Ó di 1990 kí wọ́n tó mú ibùdó UKAEA wá sábẹ́ ìwé àṣẹ bíi ti àwọn yòókù. Iná ilé ìjọba ló bí òfin, òfin kò sì wọ ilé ìjọba fún bíi ọgbọ̀n ọdún.

Òfin 1959 yìí kan náà ló fi òdiwọ̀n sí iye tí oníbùdó yóò san bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. £5 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tó gbé e dé £140 mílíọ̀nù, ó sì tún ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ohun tó bá ju òdiwọ̀n náà lọ, ọrùn aráàlú ni yóò já lé. Àwọn tó gbà pé kí ọjà dá dúró kórìíra abala òfin yìí, wọ́n sì ní ẹ̀bùn ni ìjọba fi ta iléeṣẹ́ núkílíà lọ́rẹ lábẹ́ aṣọ, nítorí pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú pópó, dandan ni kó ra ìbánigbófò tó tó ewu rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibi tí ẹnu wọn ń gbẹ sí ni pé kò sí abánigbófò kan tó máa ń gba gbogbo ewu ríákítọ̀ sọ́rùn láìsí òdiwọ̀n, kò sì dá mi lójú pé ẹnìkan yóò kọ́ ọ níbí bí òdiwọ̀n náà bá kúrò. Láti ìpìlẹ̀ ni ọwọ́ ìjọba ti wà nínú àwo yìí.

Apá ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1989. Fún bíi ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìgbà náà, CEGB, àjọ ìjọba tó ń dá iná fún England àti Wales, ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé iná núkílíà kò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ níwájú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ bóyá kí wọ́n kọ́ ibùdó Sizewell B láàárín 1983 sí 1985, ìjókòó tó gba 340 ọjọ́, tí ó fi jẹ́ pé àwọn agbẹjọ́rò tó wà níbẹ̀ á ti mọ orúkọ gbogbo ajá tó wà ní abúlé náà. Margaret Thatcher wá pinnu láti ta gbogbo iléeṣẹ́ iná fún aládàáni. Wọ́n pín àwọn ibùdó iná CEGB sí iléeṣẹ́ méjì, wọ́n sì dìídì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn, National Power, tóbi gan-an kó baà lè ní ejìká tí yóò fi ru àwọn ibùdó núkílíà.

Àfi ìgbà tí àwọn onísirò owó tó ń ṣètò títa náà jókòó ti ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó fẹ́ mọ gbèsè tó wà nílẹ̀, iye tí yóò ná a láti tú àwọn ríákítọ̀ tó ti gbó palẹ̀, iye tí yóò ná a láti tọ́jú uranium tí wọ́n ti lò, àti ẹni tí yóò san án. Kò sí ẹni tó ti bi CEGB ní ìbéèrè wọ̀nyí tó sì ní agbára láti rìn kúrò bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ tó ni owó náà ń wú. Ní oṣù July 1989 ìjọba kọ́kọ́ yọ àwọn ríákítọ̀ Magnox tó ti dàgbà kúrò nínú ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Ní 9 November 1989, mínísítà John Wakeham dìde nílé aṣòfin, ó sì kéde pé wọ́n ti yọ gbogbo ìyókù pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni odi Berlin ṣí, tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Jámánì ń rọ́ gba ẹnu ibodè jáde kúrò lábẹ́ ètò tí ìjọba ti ń ṣe ohun gbogbo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba tó nígbàgbọ́ nínú ọjà ju gbogbo ìjọba Yúróòpù lọ ń kéde lọ́jọ́ kan náà pé núkílíà yóò wà lọ́wọ́ ìjọba, nítorí pé ọjà kò fẹ́ ẹ. N kò rí ẹni tó lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn ènìyàn má sọ pé ó ti pọ̀ jù.

Níbí ni mo ti gbà fún ẹ̀gbọ́n mi tọkàntọkàn. Ọjà kò kọ́ ibùdó kankan ní 1989, ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ kan tí ìgbìmọ̀ onítọwọ́bọ̀wé kò ṣe fún ọgbọ̀n ọdún: ó ka owó náà lójú gbogbo ènìyàn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ CEGB, àgbà ti jẹun, ó ti nu ẹnu, ó sì ti gbé igbá fún ọmọ tí wọn kò tíì bí. Àwọn tó fẹ́ ra ìpín ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìdérí igbá náà.

Ohun tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà kò dùn mọ́ mi. Láti 1990, wọ́n fi owó kan lé bíìlì iná gbogbo ilé, tó tó bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sápò Nuclear Electric, iléeṣẹ́ tí wọ́n kó àwọn ríákítọ̀ England àti Wales fún. Aráàlú gbọ́ pé nítorí títú àwọn ríákítọ̀ àtijọ́ palẹ̀ ni. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi parí Sizewell B, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Ẹni tó dá owó ìsìnkú jọ, tó wá fi kọ́lé, kò jalè lójú òfin, àmọ́ òkú ṣì wà nílẹ̀.

Ọdún 1996 ni wọ́n wá rí ọjà tí ọjà lè rà. Wọ́n ṣa àwọn ibùdó tó ṣì ń lọ dáadáa, Sizewell B àti àwọn méje mìíràn, wọ́n kó wọn jọ ní orúkọ British Energy, wọ́n sì tà á fún aládàáni ní bíi £2 bílíọ̀nù, iye tí kò tó ohun tí Sizewell B nìkan ná wọn láti kọ́. Àwọn Magnox tó ti gbó kù sílé ìjọba. Fún ọdún mélòó kan nǹkan ń lọ geere, iye ìpín náà ń fò sókè. Ohun tó máa ń tètè hàn sí olùṣirò owó ni pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dín wọn kù, títí tí àwọn olùyẹ̀wò ààbò fi sọ, bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń parí lọ, pé ó ti tó gẹ́ẹ́, pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dénú ni wọ́n ń tú jáde. Ẹ wo bí aṣọ méjì ṣe wúlò tó nígbà tí wọ́n bá wà lọ́rùn ẹni méjì: ẹnì kan ń wá èrè, ẹnì kejì kò ní ìpín kankan nínú èrè náà, ó sì lè sọ pé rárá.

Ṣùgbọ́n iye iná fúnra rẹ̀ ló wá ṣubú. Ní 2001, ètò tuntun tí wọ́n fi ń ra iná tí wọ́n sì ń tà á láàárín àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ débi tí British Energy ń dá iná tí kò rí owó tó ná an gbà padà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ gáàsì lè pa á kó lọ sùn, kí ó tún tàn án ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ríákítọ̀ kì í gba irú bẹ́ẹ̀, owó tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a ti ná kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru yálà ó ń ta tàbí kò tà. Ní September 2002, iléeṣẹ́ náà tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba. £410 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ yá wọn, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi di £650 mílíọ̀nù. Lábẹ́ òfin ọjà, iléeṣẹ́ tó bá kú, ẹ sin ín, kí ẹlòmíràn gba ṣọ́ọ̀bù. Ta ni yóò sin ríákítọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ìjọba gba gbèsè pàǹtírí olóró náà sọ́rùn, wọ́n tún iléeṣẹ́ náà tò títí di January 2005, àwọn tó ti ra ìpín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ní 2009, EDF, iléeṣẹ́ iná Faransé, ra British Energy ní £12.5 bílíọ̀nù. Ìjọba Faransé ló ni apá tó pọ̀ jù nínú EDF nígbà náà, nígbà tó sì di 2023 gbogbo rẹ̀ pátá padà sọ́wọ́ wọn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní títa fún aládàáni ti di ohun ìní ìjọba, ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Mo rò pé ó yẹ kí a máa rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá ń pariwo "ọjà, ọjà" lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí àbúrò mi ará Ìbàdàn má sì rò pé mo ti gbàgbé òun. Ní 1999 àṣírí tú ní Sellafield, ní ilé BNFL, iléeṣẹ́ epo núkílíà tó jẹ́ ti ìjọba gbáko. Wọ́n ń ṣe àwọn hóró epo núkílíà fún àwọn ará Japan, hóró kéékèèké tó yẹ kí wọ́n wọn bí ó ti fẹ̀ tó. Ẹ̀rọ ti wọ̀n wọ́n nígbà kìn-ín-ní, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ṣa díẹ̀ nínú wọn kó tún wọ̀n wọ́n fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà sú àwọn kan. Wọ́n da nọ́ńbà àtijọ́ kọ nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tuntun, wọ́n sì pa á mọ́. Ọ̀gá àgbà BNFL kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2000, ọkọ̀ ojú omi sì gbé epo náà láti Japan padà wálé. Kò sí olùdókòwò kankan tó fi ipá mú wọn. Àgbájọ iṣẹ́ tó ń súni àti àìsí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn ẹni ló fà á, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àsíá èyíkéyìí.

Ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń rò mọ́ àwọn amójútó lẹ́sẹ̀ kò ṣàìní òótọ́ nínú. Nígbà tí EDF ń kọ́ Hinkley Point C ní Somerset, ríákítọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ irú rẹ̀ ní Faransé àti ní Finland ni wọ́n gbé wá. EDF sọ ní January 2024 pé àwọn ní láti ṣe àyípadà 7,000 sí àwòrán rẹ̀ kí ó tó bá ìlànà Gẹ̀ẹ́sì mu, pé èyí sì fi irin ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún àti kọnkéré ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ John Fingleton kọ fún ìjọba ní November 2025 tún gbé ọ̀rọ̀ ẹja jáde: bíi £700 mílíọ̀nù ni wọ́n ń ná ní Hinkley láti má jẹ́ kí omi tí ríákítọ̀ ń fà fa ẹja mọ́ra, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò fi hàn pé ẹja salmon tí yóò là nínú rẹ̀ kò tó ẹyọ kan lọ́dún. Mo fẹ́ràn ẹja. Àmọ́ n kò mọ ọjà tí wọ́n ti ń ta salmon ní irú iye bẹ́ẹ̀, kódà ní Peckham.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé àwọn amójútó Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó yẹ kí ti Faransé ti yá. Flamanville, irú ríákítọ̀ kan náà, lórí ilẹ̀ EDF fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ọdún 2012 ni wọ́n ní yóò dá iná. Ìparí ọdún 2024 ló tó fi iná sórí wáyà. Ọ̀gá EDF ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vincent de Rivaz, náà ti sọ ní 2007 pé iná Hinkley ni àwọn ènìyàn yóò fi yan tòlótòló Kérésìmesì ní 2017. Kérésìmesì náà ti kọjá tipẹ́, iná kò tíì dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wò ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àdéhùn Hinkley àti ti Sizewell C, nítorí pé ibẹ̀ ni pọ́n-ùn kan wọn ti jáde wá. Ní Hinkley, wọ́n fẹnu kò ní 2016 pé £92.50 ni EDF yóò máa gbà lórí megawatt-hour kan (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta iná), ní iye owó 2012, fún ọdún 35. Bí ọjà bá san kéré sí i, aráàlú á fi kún un. Bí ọjà bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, EDF á dá ìyókù padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú àdéhùn náà pé ó wọ́n, èmi náà bú u. Ṣùgbọ́n títí iná yóò fi tàn, aráàlú kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí owó ìkọ́lé fò láti £18 bílíọ̀nù lọ sí ohun tó tó £31 sí £35 bílíọ̀nù ní iye owó 2015, EDF ló gbé e mì.

Nítorí èyí gan-an ni kò fi sí aládàáni tó tún fẹ́ irú rẹ̀. Hitachi wo iṣẹ́ Wylfa ní Wales, ìjọba sì ní òun yóò mú ìdá kan nínú mẹ́ta, òun yóò sì yá wọn ní gbogbo owó tó bá kù láti yá. Wọ́n ṣì dáwọ́ dúró ní January 2019. Ni ilé aṣòfin bá ṣe òfin tuntun ní 2022, tó jẹ́ kí aráàlú máa sanwó láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń kọ́ ibùdó náà. Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n fọwọ́ sí Sizewell C ní July 2025, ní £38 bílíọ̀nù. Ètò náà ní ọgbọ́n nínú, nítorí pé ẹni tó bá ń rí owó gbà láti ọjọ́ kìn-ín-ní kì í yá owó ní èlé gọbọi, èlé sì ni ejò tó máa ń gbé owó ìkọ́lé núkílíà mì. Ṣùgbọ́n bí owó ìkọ́lé bá tún fò, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò kan bíìlì wa.

Ẹ wá ka aṣọ. Ìjọba ló ni ìdá 44.9 nínú ọgọ́rùn-ún Sizewell C. Àpò owó ìjọba ló yá wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́. Òfin ìjọba ló ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀, ONR, ni yóò sọ bóyá ó léwu, àjọ mìíràn tí ìjọba dá sílẹ̀, Ofgem, ni yóò sọ bóyá owó tí wọ́n ná tọ́. Mo gbà pé ONR ti òní kì í ṣe UKAEA ti 1957, òfin ti dá a dúró láti 2014, ó sì máa ń tẹ ìpinnu rẹ̀ jáde fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pẹ́, tí ìbò bá sún mọ́lé, tí mínísítà tó ni ìpín bá ń béèrè ìdí tí ẹnìkan fi ta kú lórí asẹ́. Cockcroft rí ọ̀nà gbà nítorí pé ó jẹ́ ẹni ńlá, ẹnu rẹ̀ sì tólẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ la ó máa retí. Bí Fingleton bá ní kí wọ́n gé ìwé kù, kí wọ́n gé e, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹja. Kí wọ́n má gé ẹ̀tọ́ tí olùyẹ̀wò ní láti sọ fún onílé, tó jẹ́ ìjọba, pé kó pa ẹ̀rọ.

Ní Sellafield, àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sọ ní 2024 pé iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ tó kù níbẹ̀ yóò ná bíi £136 bílíọ̀nù, yóò sì gba ohun tó tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Bíi tọ́ọ̀nù 15 epo uranium ṣì wà nínú ríákítọ̀ tó jóná ní 1957, níbi tí Tuohy ti ń yọjú wò ó.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí n tó gbé e síta. Wọ́n ní àwọn gbà lórí Windscale, àwọn gbà lórí British Energy, àwọn tilẹ̀ gbà lórí Flamanville. "Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn kan mi ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí Ofgem. Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́.